Àwọ̀ Àbínibí Ọkọ̀ Lábẹ́ Ọ̀dà Olówó Pọ́ọ́kú: Ìgbà Tó Ṣeé Yọ Jáde àti Ìgbà Tí Kò Ṣeé Ṣe

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan, nígbà tí òkúta bá ta bá bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí tí ìlẹ̀kùn bá ha ògiri, pé àwọ̀ mìíràn wà lábẹ́ èyí tí ojú ń rí. Dúdú ni ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n rà á, àmọ́ àwọ̀ ewé ló yọjú níbi tó bó. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ǹjẹ́ a lè bó dúdú yìí kúrò, kí àwọ̀ ewé abẹ́ rẹ̀ sì jáde láìfarapa? Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà kì í bára mu. Ẹnìkan á ní abẹ àti sùúrù nìkan ló gbà. Ẹlòmíràn á búra pé kò ṣeé ṣe láéláé, pé gbogbo rẹ̀ ni yóò bá ara wọn lọ. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, nítorí kì í ṣe ọkọ̀ kan náà ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ohun tó ń pinnu ọ̀rọ̀ náà ni bí ẹni tó kun ọkọ̀ kẹ́yìn ṣe múra sílẹ̀ kó tó kùn ún, àti irú ọ̀dà tó lò. Bí iṣẹ́ onítọ̀hún bá ṣe burú tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrètí ẹni tó ń wá àwọ̀ àbínibí ṣe pọ̀ tó.

Kí èyí tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ohun tó wà lára irin ọkọ̀ nígbà tó kúrò nílé-iṣẹ́. Láti bí àwọn ọdún 1980 wá, ìpele mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èkínní ni ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà: inú ọpọ́n ràgàjì tó kún fún ọ̀dà ni wọ́n ń ri gbogbo ara ọkọ̀ bọ̀, tí wọ́n á sì fi iná mànàmáná fa ọ̀dà náà mọ́ irin, títí kan àwọn kọ̀rọ̀ tí ọ̀dà fífọ́n kò lè dé. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń mú kí ojú irin tẹ́jú ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀dà aláwọ̀ gan-an, kí wọ́n tó wá fi ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, èyí tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kilíà, bo gbogbo rẹ̀ kó lè máa dán. Ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ kì í sábà ju 100 sí 150 máíkírómítà lọ, bẹ́ẹ̀ máíkírómítà kan kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Bébà ìkọ̀wé kan ló nípọn tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ọ̀dà náà fi díẹ̀ jù ú lọ. Nínú èyí, ìpele tó ní àwọ̀ lè má ju máíkírómítà 15 sí 20 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí à ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí tín-ín-rín ju irun orí lọ.

Wọ́n máa ń yan ọ̀dà wọ̀nyí nínú iná pẹ̀lú. Ìpele àkọ́kọ́ máa ń gba ooru tó tó 160 sí 180°C, àwọn ti òkè sì máa ń gba nǹkan bí 140°C. Ooru yìí ló ń mú kí èròjà inú ọ̀dà so kọ́ra wọn bí okùn àwọ̀n, débi pé lẹ́yìn tó bá ti tutù, tínà, ìyẹn omi tí àwọn pẹ́ńtà fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, kò lè tú u ká mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà dúró lé.

Ẹni tó bá fẹ́ tún ọkọ̀ odindi kùn kò lè yan án báyìí, torí táyà, wáyà, ìjókòó àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ike ṣe yóò bàjẹ́. Nítorí náà, pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ máa ń po hádínà mọ́ ọ̀dà kó lè gan fúnra rẹ̀, á sì fi ooru bíi 60°C ràn án lọ́wọ́ tàbí kó jẹ́ kó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ lásán. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ a máa le tó ti ilé-iṣẹ́ díẹ̀ kó kù. Ṣùgbọ́n ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kì í rí bẹ́ẹ̀. Kì í sábà ní hádínà. Ó lè jẹ́ irú èyí tó máa ń gbẹ kìkì nítorí pé tínà inú rẹ̀ fẹ́ lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí tínà bá tún kàn án ni yóò tún yọ́. Ó sì lè jẹ́ irú ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun irin géètì, tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni ìmúrasílẹ̀. Ọ̀dà kì í di mọ́ ojú tó ń dán. Bí bíríkìlà bá fẹ́ rẹ́ ògiri tó ti jọ̀lọ̀, yóò kọ́kọ́ ṣá a kí símẹ́ńtì lè ríbi dì mú. Pẹ́ńtà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́, kó sì nu ọ̀rá àti wáàsì ojú rẹ̀ kúrò pátápátá. Iṣẹ́ yìí ló ń gba àkókò jù, òun náà sì ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú kọ́kọ́ máa ń fò. Yóò fọ ọkọ̀, yóò lẹ bébà mọ́ gíláàsì, yóò sì fọ́n ọ̀dà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀dà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí èèpo igi. Ìbànújẹ́ ni èyí jẹ́ fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹni tó wá ra ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè máa dúpẹ́, torí kilíà ilé-iṣẹ́ tí wọn kò ha rárá ṣì wà lódindi lábẹ́ ohun tó ń ká yìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kan ọkọ̀, ó yẹ kó ṣe ìwádìí ọjọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn, búùtù àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣí rọ́bà etí ìlẹ̀kùn díẹ̀. Iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú kì í dé irú ibi wọ̀nyí, nítorí náà ẹ ó rí àwọ̀ àbínibí níbẹ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde. Àmì ìdánimọ̀ ọ̀dà, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan, sábà máa ń wà lórí páálí tàbí irin pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ìlẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí òkè bá jẹ́ dúdú, tí àmì yìí sì ń tọ́ka sí àwọ̀ ewé, ó dájú pé àtúnkùn ni.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo kà sí ìdánwò tó ṣeé gbára lé jù lọ. Ẹ wá ibi tí ojú kì í tètè dé, bí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn. Ẹ rẹ ègé sáńpépà 1000 (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe ga tó ni ojú rẹ̀ ṣe kúnná tó) sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀, ẹ ká a mọ́ ìka kan, kí ẹ sì máa fi rà á yípo níbi tí kò ju ojú owó ẹyọ kan lọ. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúdú. Ẹ máa nu ún, ẹ máa wò ó. Nígbà tó bá yá, òrùka yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ọ̀kan nínú èkejì, bíi ti inú igi tí a gé, dúdú ní òde, èyí tó ti wà tipẹ́ ní àárín. Ẹ máa fojú sí omi náà ju ọ̀dà lọ. Bó bá yí padà láti dúdú sí funfun bíi ti ẹfun kó tó di àwọ̀ ewé, inú ẹni tó ń ṣe é lè máa dùn, nítorí kilíà ilé-iṣẹ́ ni sáńpépà ń gé, èyí tó túmọ̀ sí pé ìbòrí kan ṣì wà láàárín àwọ̀ àbínibí àti iṣẹ́ tí à ń bọ̀ wá ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé láti dúdú ló ti bọ́ sórí àwọ̀ ewé tààrà, ó lè jẹ́ pé pẹ́ńtà ti ha kilíà tán, tàbí pé ọkọ̀ náà ti dàgbà débi pé kò ní kilíà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ṣáájú àwọn ọdún 1980 ọ̀dà aláwọ̀ kan ṣoṣo ló wọ́pọ̀. Bí òrùka eérú bá wà láàárín dúdú àti àwọ̀ ewé, pẹ́ńtà fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tirẹ̀ sí i, a sì lè fura pé ó ha abẹ́ rẹ̀ gidigidi. Bí eérú bá sì tẹ̀ lé dúdú, tí irin tẹ̀ lé eérú, tí àwọ̀ ewé kò yọjú níbì kankan, wọ́n ti bó o tán kí wọ́n tó kùn ún. Kò sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè yọ jáde níbẹ̀.

Ìdánwò kejì ni ti tínà. Ẹ fi àkísà funfun tó mu tínà dáadáa lé ojú kan fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá nù ún. Bí dúdú bá yọ́ sára àkísà, ọ̀dà tó gbẹ lásán láìgan ni, iṣẹ́ á sì yá. Bó bá wú, tó sì hunjọ bí awọ arúgbó, ọ̀dà olóròóró ni. Òun náà á gbà, àmọ́ á fẹ́ sùúrù díẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀, hádínà wà nínú rẹ̀, tínà kò sì wúlò mọ́ níbẹ̀. Àkíyèsí kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: kì í ṣe gbogbo ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ni tínà kò lè tú. General Motors lo ọ̀dà tó ń yọ́ nínú tínà láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1980, nígbà tí Ford àti Chrysler ń lo irú èyí tí wọ́n ń yan. Lára ọkọ̀ General Motors ti ìgbà náà, àkísà kan náà tó bó dúdú ni yóò nu àwọ̀ àbínibí lọ láìdúró.

Bí ẹ bá rí ohun èlò tó ń wọn ìnípọn ọ̀dà yá, ẹ fi wọn gbogbo ara ọkọ̀. Ibi tó bá fi 200 sí 300 máíkírómítà hàn ló ṣeé ṣe kó ní ti ilé-iṣẹ́ àti àtúnkùn lórí ara wọn. Ibi tó bá fò lọ sí 1000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pútì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tí irin ti tẹ̀ wọnú, ló wà níbẹ̀. Irin mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi aṣọ wé lè sọ ohun kan náà, torí kì í lẹ̀ mọ́ ojú tí pútì bá ti pọ̀. Lábẹ́ pútì, wọ́n ti ha ọ̀dà dé irin.

Tí ìwádìí bá ti fi hàn pé ọ̀dà òkè kò dì mú, abẹ ni kí a kọ́kọ́ gbìyànjú. Abẹ pẹlẹbẹ tuntun ni, tí a ti fi sáńpépà pa igun rẹ̀ méjèèjì kó má ba à ha nǹkan, tí a sì fi téèpù wé igun náà. Ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ rẹ ojú ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa tì í síwájú láìfi agbára tẹ̀ ẹ́. Ìró rẹ̀ ló máa ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí abẹ bá wọ àárín ọ̀dà méjèèjì, á máa súfèé, dúdú á sì máa ká jọ níwájú rẹ̀ bí ìfáfá igi, tí ojú tó ń dán yóò sì máa ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìró yẹn bá yí padà di híhan, abẹ ti ń gé ibi tí kò yẹ. Ẹ gbé e kúrò. Ní àwọn ibòmíràn, omi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára tàbí téèpù líle tí a lẹ̀ mọ́ ọn tí a sì fà kúrò lójijì ti tó. Àmọ́ abẹ kò dára fún ibi tó bá tẹ̀ kọdọrọ, kò sì dára rárá fún etí ìlẹ̀kùn àti ilà tó yọ síta lára irin, níbi tí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ti máa ń tín-ín-rín jù.

Tínà ni ó kàn, fún ọ̀dà tó bá yọ́ nígbà ìdánwò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a máa fi àkísà kan ṣoṣo nù ún títí, nítorí dúdú tó ti yọ́ yóò tún tàn ká, yóò sì wọ inú gbogbo ojú ihò tó wà lára ti abẹ́. Ojú tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan: ẹ rẹ àkísà, ẹ fi lé e títí yóò fi rọ̀, ẹ gbá ohun tó rọ̀ kúrò pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ, kí ẹ sì fi àkísà tuntun nu ìyókù sí apá kan ṣoṣo. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí tínà jókòó pẹ́ lórí ti ilé-iṣẹ́. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá mu tínà fún ìgbà pípẹ́, á máa rọ̀, ẹ ó sì ní láti fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó padà gan. Bọ́ńpà àti ohun mìíràn tí wọ́n fi ike ṣe kò gbọ́dọ̀ rí tínà rárá, torí ike fúnra rẹ̀ lè yọ́.

Sáńpépà ni ọ̀nà ìkẹyìn, òun ló sì léwu jù fún àwọ̀. Ẹ rántí iye máíkírómítà tí mo dárúkọ lókè. Mo ti fọwọ́ ara mi ba ìlẹ̀kùn kan jẹ́ báyìí: iṣẹ́ ti dùn, ojú tó tẹ́jú ti mọ́, mo wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ yára parí etí rẹ̀. Kò ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí mo fi pépà lọ síwá sẹ́yìn tí àwọ̀ ewé fi di eérú, kí n sì tó gbọ́wọ́ kúrò, irin funfun ti ń wò mí. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Sáńpépà 800 tàbí 1000 olómi ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, lórí igi tàbí rọ́bà líle tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí ìka lásán, kí a sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọ̀dà òkè bá ti ku bí òjìji kùrukùru. Pépà 1500, 2000 àti 3000 ni yóò mú òjìji yẹn lọ díẹ̀díẹ̀, kí ohun ìdán-ọ̀dà tó parí rẹ̀. Ẹni tó bá fi pépà líle lépa àbàwọ́n tó kẹ́yìn ló ń pàdánù àwọ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń tà fún yíyọ ọ̀dà pátápátá kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe é kó lè jẹ gbogbo ìpele dé irin, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ pọ́ọ́kú àti ti ilé-iṣẹ́. Methylene chloride tó wà nínú irú èyí tó lágbára jù léwu fún ẹ̀mí pẹ̀lú. Ọdún 2019 ni wọ́n ti fòfin de títà á fún aráàlú láti fi yọ ọ̀dà ní Amẹ́ríkà. Epo bíréèkì tí àwọn kan ń dámọ̀ràn náà máa ń jẹ ọ̀dà wọ inú, kì í sì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lè rọ ọ̀dà òkè, àmọ́ ó lè ká irin pẹlẹbẹ po. Ní ti bẹntiróòlù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nu ọ̀dà. Iná rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ.

Ìta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni kí a ti lo tínà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó yẹ, ní ibi tó jìnnà sí iná. Ti eruku ni kí a tún ṣọ́ra fún jù lára ọkọ̀ àtijọ́, nítorí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà pupa, olómi ọsàn àti ìyeyè ti ayé ìgbà yẹn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ sáńpépà olómi, torí omi kì í jẹ́ kí eruku fò, kí a sì fi ohun ìbomú tó dára kún un.

Nígbà tí dúdú bá ti lọ, kí ẹni tó ni ọkọ̀ má retí pé tuntun ló máa bá. Ẹnì kan tún ọkọ̀ yẹn kùn nítorí ìdí kan: bóyá oòrùn ti ba òrùlé jẹ́, bóyá wọ́n ti gbá ìlẹ̀kùn kan. Ilà tí sáńpépà líle ti fà sára ti ilé-iṣẹ́ yóò hàn pẹ̀lú, dúdú á sì ti wọ inú wọn bí tíróò. Bí ilà bá mọ sínú kilíà, yóò dán padà. Bó bá ti kọjá rẹ̀ wọ inú àwọ̀, kò sí ohun ìdán tó lè lé e lọ. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní kilíà, àwọ̀ rẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ àkísà tí ẹ fi ń dán an; kì í ṣe ohun ẹ̀rù, ojú òkè ọ̀dà náà tó ti kú ló ń kúrò, àmọ́ ó yẹ kí a mọ ìgbà tí a ó dá a dúró.

Ó ṣì ku àwọn ibi tí kò padà, irú bí ìlẹ̀kùn tí pútì kún tàbí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti dé irin. Ibẹ̀ ni kí a fún pẹ́ńtà tó mọṣẹ́, kò sì tó kí a kàn fún un ní àmì ìdánimọ̀ ọ̀dà. Àwọ̀ tí àmì náà ń tọ́ka sí ni ti ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún oòrùn ti kọjá lórí èyí tó wà lára rẹ̀. Ẹ dán ara ọkọ̀ tán pátápátá, kí ẹ tó gbé e lọ bá a, kó lè po ọ̀dà náà kó bá ohun tó wà níwájú rẹ̀ mu. Ojú inú ìlẹ̀kùn, tí oòrùn kò dé, kọ́ ni kó fi ṣe àpẹẹrẹ.